Ẹ Wo Pùròpẹ́là Kí Ẹ Tó Pàtẹ́wọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsinmi. Orí fóònù ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ní Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ mẹkáníìkì bàálù ni mo fi jẹun nílé kí n tó kó wá síbí, òun náà ni mo ṣe níbí títí mo fi fẹ̀yìntì. Ní báyìí, bí òjò kò bá rọ̀, mo máa ń lọ sí pápá bàálù oníkoríko kan tí kò jìnnà sí wa, láti bá àwọn tó ní bàálù kékeré ẹlẹ́ni méjì wo ẹ́ńjìnnì àti pùròpẹ́là wọn. Owó kọ́ ni wọ́n ń san fún mi, tíì ni.

Ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ kọ nípa ẹ́ńjìnnì alùpùpù tó tú, ẹ kọ nípa táyà bárò tó fi ṣe ẹsẹ̀ bàálù, ẹ kọ nípa owó àjọ tí ìyá rẹ̀ kó fún un. Gbogbo rẹ̀ ló wú mi lórí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré lẹ kọ nípa pùròpẹ́là: pé òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ láti ara pákó kan ṣoṣo, ó sì ń yí dáadáa. Olóòtú mi, fáánù tó wà ní òrùlé yàrá mi náà ń yí dáadáa.

Ẹ tún wo àwòrán tí ẹ fi síwájú ìròyìn yẹn. Àwọn ọmọ iléèwé tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bàálù náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ògiri wà lẹ́yìn wọn. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí bíléèdì, ìyẹn apá pùròpẹ́là tó ń gé afẹ́fẹ́, kò hàn, bí èéfín ló rí. Ibi tí wọ́n dúró sí bá pùròpẹ́là dọ́gba gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí bàálù rí yóò ká ọwọ́ lérí bó bá rí i. Bí bíléèdì bá já, kì í gba iwájú, kì í gba ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, ní ọ̀gangan ibi tó ti ń yí. Bíléèdì tó wọn kílò kan péré, tí àárín ìwúwo rẹ̀ fi 40 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí àárín họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi àárín tó di àwọn bíléèdì mú, bí ó bá ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó fi ń fa họ́ọ̀bù tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹrù tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ tí a so mọ́ pákó kan, kí ẹ wá wo ibi tí àwọn ọmọ yẹn dúró sí.

Mi ò kọ̀wé láti mú ọkàn ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi í nígbà mìíràn, nítorí irú ìròyìn báyìí kò ní tán, ọ̀dọ́ wa kò níí yé kan bàálù. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi í ni pé: igun wo ni bíléèdì rẹ wà, ta ló sì bá ọ wọ̀n ọ́n?

Igun yìí ló ń pinnu ohun tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní pitch. Bí káfíńtà bá yí sikúrù lẹ́ẹ̀kan, sikúrù yóò wọ inú igi díẹ̀. Pùròpẹ́là náà ń wọ inú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iye tó yẹ kó fi tẹ̀ síwájú bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, tí afẹ́fẹ́ kò bá yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ni pitch rẹ̀. Bàálù Cessna 150, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfurufú kárí ayé fi kọ́ṣẹ́, ní pùròpẹ́là irin McCauley tí nọ́ńbà ara rẹ̀ parí sí 6948. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti orí bíléèdì kan dé orí ìkejì jẹ́ ínǹṣì 69, pitch rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 48. Àbúrò rẹ̀, Cessna 152, ń lo èyí tó parí sí 6958. Gígùn kan náà, ṣùgbọ́n pitch fi ínǹṣì 10 ju ara wọn lọ. Ẹ́ńjìnnì ti 150 lè sáré dé 2,750 ní ìṣẹ́jú kan, ti 152 kì í kọjá 2,550, nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí pùròpẹ́là ti 152 máa bu afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jẹ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ níbi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin láti àárín lọ sí orí, igun ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí dígírì 16.4, ti èkejì jẹ́ 19.6. Dígírì mẹ́ta àti díẹ̀ péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú wo dígírì mẹ́ta lára pákó tó fi àdá àti ráńdà gbẹ́.

Bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí nìyí. Mo mú bàálù oní-Rotax 912, irú ẹ́ńjìnnì kan fún bàálù kékeré, torí òun ló pọ̀ jù ní pápá wa. Bíléèdì mẹ́ta ló wà lára pùròpẹ́là rẹ̀, a sì lè tú bóòtù họ́ọ̀bù nílẹ̀ kí a yí bíléèdì kọ̀ọ̀kan sí igun tí a bá fẹ́. Bí bàálù bá ti gbéra, kò ṣeé yí mọ́.

Kí a tó fọwọ́ kàn án, a ó rí i pé ẹ́ńjìnnì kò lè jí. A ó yọ kọ́kọ́rọ́, a ó fi wẹ́ẹ̀jì há táyà níwájú àti lẹ́yìn, a ó sì yọ púlọ́ọ̀gì kan lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, èyí tún ń jẹ́ kó rọrùn láti fọwọ́ yí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ nìkan. Lára ẹ́ńjìnnì bàálù, wáyà kan ni kọ́kọ́rọ́ ń lò láti fi pa iná mágínẹ́tò, ẹ̀rọ tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Bí wáyà yẹn bá já, kọ́kọ́rọ́ lè wà nínú àpò yín kí iná ṣì máa tàn nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fọwọ́ yí pùròpẹ́là díẹ̀ báyìí, ó gbiná, ọwọ́ ti lọ nìyẹn. A ò sì ń yí Rotax 912 sẹ́yìn bó ṣe wù wá, torí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọ ọ̀nà ọ́ìlì.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi téèpù sàmì sára bíléèdì kọ̀ọ̀kan, ní ibi tó jìnnà sí àárín họ́ọ̀bù bákan náà. Àmì yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Bíléèdì kò tẹ́, ó lọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nàró, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀, nítorí pé orí ń rìn ọ̀nà jíjìn ju ìdí lọ ní ìyípo kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú bákan náà. Bí pitch bá jẹ́ ínǹṣì 48, tí ẹ wọn bíléèdì kan ní ínǹṣì 24 sí àárín, tí ẹ sì wọn èkejì ní ínǹṣì 25, ìyàtọ̀ tó ju ààbọ̀ dígírì lọ ni ẹ ó rí, bẹ́ẹ̀ bíléèdì méjèèjì lè má ní àléébù kankan. Ẹ ó wá tú ohun tó dára kí ẹ lè bà á jẹ́.

A ó dá bíléèdì kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ sí apá ọ̀tún. Lẹ́fẹ́lì oní-nọ́ńbà, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń lò báyìí, ni a ó kọ́kọ́ gbé lé ojú họ́ọ̀bù, a ó sì sọ ọ́ di òdo níbẹ̀. Imú bàálù kì í sábà dúró ṣánṣán nílẹ̀, igun tí bíléèdì fi yà kúrò ní ojú ibi tó ti ń yí ni a sì ń wá, kì í ṣe igun tó fi yà sí ilẹ̀. A ó gbé lẹ́fẹ́lì lọ sí ẹ̀yìn bíléèdì níbi téèpù, a ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Nígbà náà ni a ó yí pùròpẹ́là kí bíléèdì kejì wá dúró síbi tí àkọ́kọ́ dúró sí gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. A kì í rìn yí imú bàálù ká láti lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíléèdì ló ń wá bá wa. Èmi máa ń fẹ́ kí ìyàtọ̀ wọn wà láàárín 0.1 dígírì, bó bá sì ti ju 0.2 lọ, mi ò ní fọwọ́ sí i, ẹni tó ni bàálù ìbáà máa bú mi.

Ibi bóòtù ni sùúrù ti máa ń tán. Bí a ṣe ń dè é ni bíléèdì ń sún. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni, a ó de ọ̀kan, a ó lọ de èyí tó kọjú sí i, pẹ̀lú sípánà tó ń ka bó ṣe le tó, títí yóò fi dé iye tí ìwé olùṣe sọ. Bó bá dé ibẹ̀, a ó tún gbogbo igun wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní pápá wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni, bí mo bá ti ní ká tún un wọ̀n báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo òfurufú bí ẹni pé oòrùn fẹ́ sá fún un. Síbẹ̀, òun náà ló máa ń di lẹ́fẹ́lì mú.

A tún máa ń wo ipa tí orí bíléèdì ń tọ̀. A ó ri igi kan mọ́lẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí bíléèdì kan, a ó sì yí àwọn yòókù gba iwájú rẹ̀ kọjá. Fún pùròpẹ́là irin kékeré, ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ ju 1/16 ínǹṣì lọ. Èyí kì í pẹ́ wa.

Ó ku kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. A ó de ìrù bàálù mọ́lẹ̀, a ó lé gbogbo ènìyàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó sì ti tórótù, ọ̀pá tí a fi ń tẹ ẹ́ńjìnnì, dé òpin. Rotax 912 ULS, alágbára ẹṣin 100, gba 5,800 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ níbẹ̀. Fún ìrìn gígùn, 5,500 ni òpin rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ń fi 2.43 pín in, tó fi jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní 5,800, pùròpẹ́là ń yí ní nǹkan bí 2,390. Bí pitch bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò sáré kọjá ààlà rẹ̀ lókè. Bó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣe bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì, bàálù yóò máa sáré lórí koríko, kò ní gbéra, igi tó wà lópin pápá yóò sì máa súnmọ́. Àwọn tó ṣe Rotax kìlọ̀ pé kí a má ti tórótù dé òpin kí ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ 5,200, nítorí ó ń ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Aago tó ń ka ìyípo náà lè parọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka iye ìgbà tí bíléèdì kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé bíléèdì mẹ́ta ni o! Bó bá rò pé méjì ni, ohun tó máa kà yóò fi ìdajì ju òótọ́ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sọ òótọ́, ẹ kọjú rẹ̀ sí iná tíúbù gígùn ti àtijọ́, èyí tó ní sitátà, tó ń tàn lára iná ìjọba, níbi tí iná ìjọba bá ti jẹ́ 50 hertz bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ti fi ẹ̀rọ náà sí bíléèdì méjì, 3,000 ló gbọ́dọ̀ kà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní iná ìjọba wo ni mo ń sọ nílé. Ó dáa, ẹ lo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n òun náà lè máa sáré ju bó ti yẹ lọ, kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dára.

Mo rí i nínú àwòrán kejì pé ọmọ náà gbé pùròpẹ́là rẹ̀ sórí ọ̀pá irin, ó ń fi han oníròyìn yín pé kò tẹ̀ sí apá kan. Ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ìwúwo nìyẹn. Bíléèdì méjì lè wúwo bákan náà kí ọ̀kan máa bu afẹ́fẹ́ jẹ ju èkejì lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, kò ní hàn. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo ara bàálù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí agbára bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni gbígbọ̀n ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa tú kábúrétọ̀. Nítorí náà kí ọmọ náà fi káàdì líle gé àwòṣe fún ìrísí bíléèdì ní ínǹṣì mẹ́fà mẹ́fà láti àárín, kó gbé àwòṣe kan náà lé bíléèdì méjèèjì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ láàárín káàdì àti igi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.

Ọ̀rọ̀ pákó kan ṣoṣo yẹn náà ń kọ mí lóminú. Nílẹ̀ yìí, àwọn tó ń fi igi ṣe pùròpẹ́là máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mélòó kan pọ̀, kí ọ̀kan má bàa lọ́ kó fa gbogbo rẹ̀ lọ́. Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kọ́kọ́ fi bàálù oní-ẹ́ńjìnnì fò, náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1903. Wọ́n lẹ pákó igi tí wọ́n ń pè ní sípúrúùsì pọ̀, wọ́n sì fọwọ́ gbẹ́ pùròpẹ́là méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ààbọ̀, fún ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 12 lọ. Kí wọ́n tó mú àáké, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ oṣù jiyàn, wọ́n ti ṣírò igun rẹ̀ láti ìdí dé orí, nítorí wọ́n wá ìmọ̀ náà nínú ìwé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọn ò rí i níbẹ̀. Ọmọ wa ní íntánẹ́ẹ̀tì lápò.

Ojú ọjọ́ ilé tún wà ńbẹ̀. Igi tí a gbẹ́ ní àsìkò òjò yóò súnkì bí ọyẹ́ bá dé. Bóòtù tó le lóṣù keje yóò ti rọ̀ kí Kérésì tó dé, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí òjò bá tún padà, igi yóò wú, bóòtù yóò sì fún un lọ́rùn títí yóò fi fọ́ okun inú igi. Níbí, tí ìyàtọ̀ ojú ọjọ́ kò tó ti ilé, ìwé olùṣe ṣì ń sọ pé kí a yẹ bóòtù pùròpẹ́là onígi wò bí ìgbà bá ti yí. Bí ẹ bá sì gbé bàálù sílẹ̀, ẹ dá pùròpẹ́là onígi dùbúlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó nàró, kí omi inú igi má bàa wọ́ lọ sínú bíléèdì ìsàlẹ̀ kó mú un wúwo ju ti òkè lọ. Ọ̀gànwó ni mo fura sí pé ọmọ náà lò, bí mo ti wo àwọ̀ rẹ̀. Igi tó dára ni, bó bá gbẹ dáadáa kó tó di pùròpẹ́là. Ẹ bá mi bi í bóyá ó gbẹ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń kan bàálù sínú gáréèjì rẹ̀ lábẹ́ Light Aircraft Association, ẹgbẹ́ àwọn oníbàálù kékeré, ní alábẹ̀wò tó ń wá wo iṣẹ́ náà ní ìpele ìpele, kò sì ní fò láìgba ìwé àṣẹ. Nílé, NCAA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Oníròyìn yín kò dárúkọ wọn rárá, kò sì bi ọmọ náà bóyá ó ti kọ̀wé sí wọn. Ó bi í, síbẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò fò. Ìbéèrè yẹn ni mi ò fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìròyìn náà. Bí ìwé ìròyìn bá ti tẹ ọjọ́ jáde, tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n, ọmọ ogún ọdún wo ló máa jáde síwájú èrò kó ní òun kò fò mọ́, torí bíléèdì méjì yà síra wọn ní dígírì kan?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní lẹ́fẹ́lì oní-nọ́ńbà kan níbí tí mi ò lò mọ́. Ó ṣì péye. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ nílé, mo lè fi rán an sí ọ́fíìsì yín kí ọmọ náà wá gbà á. Kó tó dé, kó kọ nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ yín: gígùn pùròpẹ́là láti orí dé orí ní ínǹṣì, irú igi tó lò àti ìgbà tó gé e, iye bóòtù tó dì í mú, agbára ẹ́ńjìnnì àti iye ìyípo tó lè sá dé, àti bóyá ó fi gíá tàbí bẹ́líìtì dín in kù kó tó dé pùròpẹ́là. Kó fi igun bíléèdì sílẹ̀ títí lẹ́fẹ́lì yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀, mi ò fẹ́ kó fojú díwọ̀n rẹ̀. Kó sì yọ púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì náà báyìí, kó fún ìyá rẹ̀ pa mọ́.

Èmi ni tiyín,
Àgbà Mẹkáníìkì,
Lincolnshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.